Little Moreton Hall, ilé onígi tó wọ́ yẹn: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí àti èsì wọn

Àtìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ilé yìí síta ni ìbéèrè ò jẹ́ n sinmi. Ẹnì kan ní kọ̀ǹpútà ni mo fi yà á, pé kò sí ilé tó máa wọ́ báyẹn tó máa dúró. Ẹlòmíì ní ṣé ẹ̀rù ò bà mí ni tí mo fi wọ inú ẹ̀. Mo ti débẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí èèyàn bá sì wá kí mi láti ilé, ibẹ̀ ni mo máa ń mú un lọ, ẹ jẹ́ n kúkú kó gbogbo ìbéèrè yẹn jọ síbí kí n dáhùn wọn lẹ́ẹ̀kan, ó ti sú mi láti máa tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́.

Ibo ni ilé yìí wà, ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní agbègbè Cheshire, bíi máìlì mẹ́rin àtààbọ̀ sí ìlú kan tó ń jẹ́ Congleton. Ti ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí kò sí ọdún kan pàtó téèyàn lè dárúkọ. Nǹkan bí 1504 sí 1508 ni wọ́n kọ́ apá tó pẹ́ jù, fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Moreton, wọ́n wá ń lẹ nǹkan mọ́ ọn lọ bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bí 1610. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Bàbá kọ́ tiẹ̀, ọmọ kọ́ tiẹ̀, ọmọ ọmọ náà lóun ò ní gbà. Kò sẹ́ni tó jókòó ya odidi ilé yẹn sórí pépà rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, òun ló máa dáhùn ìdajì ìbéèrè tó kù.

Àǹtí, kí lẹ pè ní ilé onígi? Ṣé bíi ṣọ́ọ̀bù pákó ẹ̀gbẹ́ títì?

Rárá o. Ṣọ́ọ̀bù pákó, wọ́n kàn kàn án mọ́ra ni. Ilé yìí ní egungun, ó sì ní ẹran. Egungun ẹ̀ ni igi óákù ńláńlá: òpó tó dúró, ìtí tó dùbúlẹ̀, àti àwọn tí wọ́n fi tì í láti igun kó má baà yẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ olókùúta ni wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ kà kí ẹsẹ̀ igi má baà kan ilẹ̀ tútù. Ẹran ẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi dí àárín igi kan sí ìkejì. Wọ́n á hun ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ lójú méjèèjì, àwọn ibòmíì sì wà tí wọ́n padà fi bíríkì dí. Ẹni tó bá dàgbà sí abúlé lọ́dọ̀ wa mọ amọ̀ yẹn dáadáa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ tiwa ògiri alámọ̀ ló ń gbé òrùlé, lọ́dọ̀ tiwọn ògiri ò gbé nǹkan kan, tẹ́ ẹ bá tú gbogbo amọ̀ ara ilé yẹn kúrò lónìí òrùlé ò ní já lulẹ̀, igi ló gbé e.

Ìṣó tí wọ́n máa lò á mà pọ̀ o?

Fún egungun ilé, ìṣó ò sí níbẹ̀. Káfíńtà á gbẹ́ ihò sára igi kan, á gbẹ́ ahọ́n sórí ìkejì, á ki ahọ́n bọ ihò, á wá lu àwọn méjèèjì já pọ̀, á gbá èèkàn onígi wọ̀ ọ́. Ó parí. Igi tútù ni wọ́n sì ń lò, óákù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, torí tí óákù bá gbẹ tán ó máa ń le débi pé irinṣẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ràn án. Ara ilé ló ti máa ń gbẹ. Bó ṣe ń gbẹ ló ń súnkì, tó ń lọ́, tí oríkèé ń fún mọ́ra sí i, torí náà apá kan nínú wíwọ́ tẹ́ ẹ rí yẹn, ọjọ́ tí wọ́n gbé òpó àkọ́kọ́ nàró ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí káfíńtà ìgbà yẹn tí ò mọ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ àwọn káfíńtà ayé ijọ́un ni pé orí ilẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ to egungun ilé pọ̀ láti rí i pé gbogbo ẹ̀ bára mu, wọ́n á wá fi ṣísẹ̀lì kọ ilà sí igi kọ̀ọ̀kan lára, ìlà kan, ìlà méjì, ìlà mẹ́ta, èyí tó ní àgbélébùú, bí ẹni kọ ilà ojú, kí olúkúlùkù lè mọ ẹni tí òun bá tan. Wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á kó o lọ síbi tí ilé máa wà, wọ́n á tún un tò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni àwọn àga inú páálí tí wọ́n ń tà fún wa níbí tá a máa fúnra wa tò nílé. Àwọn ti ṣe é ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣíwájú, tiwọn ò sì ń ṣẹ́ ku ìṣó kan.

Kí ló wá mú kó wọ́ tó báyẹn? Ṣé kì í ṣe pé ilẹ̀ ló ń rì?

Òkè ni wàhálà ti wá, kì í ṣe ilẹ̀.

Láàárín 1560 sí 1562 ni John Moreton, ọmọ ọmọ William àkọ́kọ́, kọ́ apá gúúsù, níbi tí ẹnubodè wà, ohun téèyàn kọ́kọ́ ń rí téèyàn bá dé ìdí afárá tó kọjá lórí omi tó yí ilé ká. Ó jọ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di pé wọ́n pinnu pé gbọ̀ngàn gígùn kan gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá. Gbọ̀ngàn gígùn ni ohun tó ń lọ lásìkò yẹn láàárín àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ò bá ní in lókè ilé ẹ̀, ẹ má dà á lóhùn. Ni wọ́n bá gbé e lé e lórí: ẹsẹ̀ bàtà 68 ní gígùn, gíláàsì yí i ká láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, wọ́n wá fi òkúta pẹlẹbẹ bo orí ẹ̀. Òkúta gidi o, kì í ṣe páànù, kì í ṣe àwo alámọ̀ tí wọ́n sun. Ẹ wá wò ó, egungun tí wọ́n to fún ẹrù kan, ẹrù míì dé, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ọrùn ẹ̀ gbà á. Igi àjà ìsàlẹ̀ tẹ̀, ògiri yọ ikùn síta, ilẹ̀ gbọ̀ngàn fúnra ẹ̀ ń lọ sókè ń lọ sódò, tẹ́ ẹ bá ń rìn lórí ẹ̀ á dà bí ẹni wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó jọ pé kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, láàárín ọdún 1600 sí 1700, tí wọ́n fi fi ìtí igi dábùú gbọ̀ngàn yẹn láti ògiri kan dé ìkejì, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì má baà ya síta. Àwọn ìtí yẹn ò bá iṣẹ́ ọnà tó kù mu rárá, ojú ẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ wá gba ilé lọ́wọ́ ìparun. Èmi ò lè kọjá lábẹ́ wọn kí n má rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ẹ má wá rò pé gbogbo ohun tó yọ síta lára ilé yẹn ló ń ṣubú. Àjà kejì yọ síta ju tìsàlẹ̀ lọ, ìyẹn wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni, àṣà ilé onígi nìyẹn nígbà yẹn. Ó ń fún yàrá òkè láàyè díẹ̀ sí i, ó sì ń fi han aráyé pé onílé lówó igi lọ́wọ́.

Ṣé téèyàn bá wo ilé yẹn ó lè mọ èyí tí bàbá kọ́ àti èyí tí ọmọ kọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn gan-an ló ń mú mi padà lọ síbẹ̀. Ilé náà yí àgbàlá kékeré kan ká ní apá mẹ́ta, àwọn apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jọra. Tẹ́ ẹ bá gba ẹnubodè wọlé, gbọ̀ngàn ńlá ló máa kọjú sí yín, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ lè pè é ní òde bàálé, ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń jẹun ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Òun àti apá kan ní ìlà oòrùn ló pẹ́ jù. Nígbà tó yá wọ́n fa ìlà oòrùn gùn sí i, wọ́n fi yàrá ìdílé àti ilé àdúrà kékeré kan sí i. Ní nǹkan bí 1546, William kejì, ìyẹn ọmọ, wó apá ìwọ̀ oòrùn tí bàbá ẹ̀ kọ́, ó fi èyí tó wù ú rọ́pò.

Ọdún 1559 ni èmi fẹ́ràn jù. Gbọ̀ngàn ńlá yẹn ò ní àjà tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbójú sókè igi òrùlé lẹ máa rí, ó sì jọ pé àárín ilẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, kí èéfín máa wá ọ̀nà ara ẹ̀ lọ. William kejì ní ayé ti kúrò níbẹ̀, ó fi àjà sí i láàárín kó lè rí yàrá lókè. Ó wá fi fèrèsé ńláńlá méjì tó ní ojú márùn-ún márùn-ún síwájú, èyí tó yọ sínú àgbàlá, ilé alájà méjì ni àwọn fèrèsé yẹn, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún òkè. Nígbà tó tún pẹ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yọ àjà yẹn kúrò. Fèrèsé ò bá a lọ. Ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ lónìí ni gbọ̀ngàn tó tún ṣí lọ sókè bíi tàkọ́kọ́, pẹ̀lú fèrèsé tó wà fún yàrá kan tí ò sí mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé síbi tẹ́nì kankan ò lè dúró sí.

Ta ni Richard Dale tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sára ilé?

Káfíńtà ni. Ẹ fojú inú wò ó ná, ní 1559, ilé olówó, wọ́n jẹ́ kí káfíńtà kọ orúkọ ara ẹ̀ síwájú ilé gàdàgbà. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sára fèrèsé yẹn, tí n bá fi èdè wa sọ ọ́, ni pé Ọlọ́run ni ohun gbogbo nínú ohun gbogbo, William Moreton ló ní kí wọ́n ṣe fèrèsé wọ̀nyí ní ọdún Olúwa wa 1559, Richard Dale káfíńtà ló sì ṣe wọ́n nípa oore ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Sípẹ́lì tó lò ò rí bí wọ́n ṣe ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lónìí rárá, kódà orúkọ iṣẹ́ ara ẹ̀ ó kọ ọ́ bó ṣe wù ú, ìgbà yẹn oníkálukú ló ń kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ẹ wo iye àwọn tó kọ́ ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá káàkiri ayé tá ò morúkọ wọn. Ti Dale ò parẹ́.

Kí ni wọ́n ń fi gbọ̀ngàn gígùn tó fa gbogbo wàhálà yìí ṣe?

Wọ́n ń rìn nínú ẹ̀. Mi ò ṣàwàdà. Òjò ilẹ̀ yìí kì í dá, ẹni tó bá fẹ́ na ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ó rẹ, inú gbọ̀ngàn ló ti máa lọ síwá sẹ́yìn. Wọ́n tún ń ṣeré ìdárayá níbẹ̀, torí lẹ́yìn pákó ara ògiri ni wọ́n ti padà rí bọ́ọ̀lù tẹníìsì mẹ́rin láti nǹkan bí ọdún 1600 sókè. Ẹni tó gbá wọn wọbẹ̀ á ti wá wọn wá wọn títí tó fi sú u.

Ní ìpẹ̀kun méjèèjì gbọ̀ngàn náà, lókè, wọ́n fi ẹfun mọ ère obìnrin kan sára ògiri. Èkíní ni Àyànmọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìmọ̀ ló ń darí ẹ̀. Èkejì ni Oríire tòun ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó ń yí, àìmọ̀kan ló ń darí ìyẹn. Inú ìwé ìmọ̀ sánmà tí Robert Recorde tẹ̀ jáde ní 1556 ni wọ́n ti rí àwòrán yẹn kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó gbé òkúta lé ilé onígi lórí, tó wá ń kọ ìmọ̀ àti àìmọ̀kan sára ògiri níbẹ̀ gan-an! Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kúkú bá a mu.

Ikán ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa ilé yẹn ò ní lo ọdún méjì.

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ ń bi mí, àwọn Òyìnbó kì í bèèrè ẹ̀. Ikán ò yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀ bíi tiwa, òtútù ò gbà fún un. Kòkòrò tiwọn ni ìdin tó ń jẹ igi ńláńlá tó bá tutù, èyí tó dàgbà nínú ẹ̀ á máa kan orí mọ́ igi, kó kó kó, láti pe ẹnì kejì ẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn lóru ló máa ń gbọ́ ọ dáadáa torí ilé ti pa rọ́rọ́, ni wọ́n bá sọ kòkòrò náà lórúkọ pé ó ń ṣọ́ ikú. Óákù fúnra ẹ̀ le, inú ẹ̀ lọ́hùn-ún kì í sábà jẹrà tó bá ti gbẹ. Ọ̀tá ẹ̀ ni omi tó bá rí ibì kan sá pamọ́ sí, ìyẹn ni ojú gbọ́dọ̀ wà lára òrùlé àti ẹsẹ̀ òpó nígbà gbogbo.

Iná ńkọ́?

Iná ń jó wọn o. Ìjòǹbá iná London ní 1666 ló pa àìmọye ilé onígi run níbẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn òfin ní bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n fi máa kọ́ ilé nínú ìlú yẹn. Moreton wà láàárín oko, kò sí ará ilé kejì tó máa fi iná ràn án, omi sì yí i ká. Àmọ́ òpó óákù ńlá kì í tètè jó tán bí pákó, ìta ẹ̀ á kọ́kọ́ di èédú, èédú yẹn á wá máa dáàbò bo inú.

Dúdú àti funfun yẹn, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí látìbẹ̀rẹ̀?

Rárá. Lẹ́yìn ọdún 1800 ni wọ́n ń kùn ilé bẹ́ẹ̀, àṣà ayé ayaba Victoria ni. Nígbà tí ilé yìí ṣì jẹ́ tuntun, wọn ò kùn igi ẹ̀, òjò àti oòrùn ló sọ ọ́ di àwọ̀ eérú tó ń dán bíi fàdákà. Àárín igi náà ò funfun, bíi àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ pupa rúsúrúsú ni. Ẹ wá ronú ilé yẹn láìsí dúdú láìsí funfun, ó máa rọlẹ̀ gan-an. Àwọn àpẹẹrẹ tí wọ́n fi igi ṣe sójú ilé, bí igun mẹ́rin tó dúró lórí igun kan, bí ewé mẹ́rin, bí egungun ẹja, kò ní ké mọ́ yín bó ṣe ń ké báyìí.

Fèrèsé yẹn pọ̀ jù fún ilé ayé àtijọ́, àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ni?

Púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ tàtijọ́. Wọ́n ní gíláàsì tó wà lára ilé yẹn tó 30,000, wẹ́wẹ́ ni wọ́n, òjé ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, torí kò tíì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì pẹrẹsẹ ńlá ní pọ́ọ́kú. Ọ̀wọ́n ni gíláàsì nígbà yẹn, olówó mìíràn máa ń yọ tiẹ̀ kó dání tó bá ń kúrò nílé kan lọ sí òmíì. Torí náà ẹni tó fi 30,000 síta, ó ń pariwo ni. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kò sí èyí tó tẹ́jú pátápátá, àwọn kan pọ́n rúsúrúsú, àwọn kan ṣe bí ewé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á wá máa jó lórí gbogbo wọn lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Omi tó yí ilé ká ńkọ́, ṣé ogun ni wọ́n ń bẹ̀rù?

Yàrà ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi àmì sí i dáadáa kẹ́nì kan má kà á sí yàrá. Ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 33, ó sì ju ilé lọ lọ́jọ́ orí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbẹ́ ẹ láti ọdún 1200 tàbí 1300 sókè, fún ilé míì tó wà níbẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí wọ́n máa fi kọ́ èyí tá a ń rí, ti ogun ti lọ sílẹ̀, iyì ló kù. Kò ní ṣàì dí olè lọ́wọ́ ṣá. Inú ẹ̀ náà ni ṣalángá ilé ń já sí tààrà, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé omi ẹ̀ dùn ún wò, ẹ rọra.

Báwo ni kò ṣe sẹ́ni tó wó o kó fi bíríkì kọ́ ilé ìgbàlódé?

Owó tán. Èsì ẹ̀ nìyẹn, mo sì rò pé òun lèsì tó ṣe pàtàkì jù lójú ewé yìí.

Ilẹ̀ ni ìdílé Moreton fi là. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1348, ilẹ̀ pọ̀ lọ kò sẹ́ni tó máa ro ó, wọ́n ń rà. Nígbà tí ọba Henry kẹjọ tún gba ilẹ̀ àwọn ilé ìsìn ní nǹkan bí 1536 sókè, àyè míì ṣí. Ní àárín ọ̀rúndún yẹn ilẹ̀ wọn ti tó éékà 1,360. Àmọ́ nígbà tí ogun abẹ́lé dé ní 1642 láàárín ọba àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹ̀yìn ọba ni wọ́n wà, àwọn ará àdúgbò sì wà lẹ́yìn ilé ìgbìmọ̀. Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ wọn, àwọn sójà wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n máa rí ilé gbà padà, gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n bá fi ilé sílẹ̀ fún àgbẹ̀ tó ń háyà, wọ́n gbabòmíì lọ.

Àgbẹ̀ tó háyà ilé, kí ló kàn án nínú àṣà tó ń lọ ní London? Àwọn olówó ẹgbẹ́ wọn ń wó ilé onígi ti bàbá wọn, wọ́n ń fi bíríkì àti òkúta kọ́ èyí tó ní òpó ńláńlá níwájú. Ti Moreton kàn jókòó síbẹ̀. Bí ìdílé yẹn bá rọ́wọ́ mú ni, ilé yẹn ò bá ti lọ tipẹ́. Ìdílé kan tó ń jẹ́ Dale, orúkọ wọn bá ti káfíńtà yẹn mu, bẹ̀rẹ̀ sí í háyà ẹ̀ ní 1841, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ní 1847 apá tó pọ̀ jù nínú ilé náà ló ti ṣófo, ilé àdúrà di ibi tí wọ́n ń kó èédú sí.

Ní 1892 ó bọ́ sọ́wọ́ Elizabeth Moreton, obìnrin tó ti fi ayé ẹ̀ fún Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí arábìnrin nínú ìjọ Áńgílíkà. Ó tún ilé àdúrà ṣe, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló fi ọ̀pá irin di gbọ̀ngàn òkè mú. Nígbà tó kú ní 1912 ó fi ilé sílẹ̀ fún ìbátan ẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù Charles Abraham, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ tà á láéláé. Bíṣọ́ọ̀bù ṣí i fún èrò, sísì kan ayé ìgbà yẹn lẹ máa san, àwọn Dale ló ń gbà á, àwọn náà ló ń mú èèyàn yí ká. Ní 1938 ló fà á lé National Trust lọ́wọ́, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ níbẹ̀, kò sì tà á lóòótọ́.

Ṣé ó ṣì ku ohun tí wọn ò tíì rí nínú ilé yẹn?

Ní 1976 wọ́n ṣí pákó kan ní páálọ̀, pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri láàárín ọdún 1700 sí 1800, àwòrán ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ìtàn Sùsánà àtàwọn àgbà méjì nínú Àpókrífà ni, àwọn Kátólíìkì máa mọ̀ ọ́n, ó wà lẹ́yìn ìwé Dáníẹ́lì tiwọn. Lábẹ́ àwòrán yẹn wọ́n fi ọ̀dà ya pákó àti òkúta mábù sára ògiri lásán, kó lè dà bí ẹni pé pákó àti mábù gidi ló wà níbẹ̀. Ayédèrú ti pẹ́ láyé. Ẹni tó fi pákó bò ó kò bìkítà fún un, ó fẹ́ kí páálọ̀ òun jọ tìgbàlódé ni, pákó yẹn ló sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn àti ọwọ́ ọmọdé fún nǹkan bí igba ọdún.

Kí ló dé tí wọn ò fi sìmẹ́ńtì lẹ gbogbo ẹ̀ kó le?

Hàà, sìmẹ́ńtì ló ń pa ilé onígi. Igi ń mí, ó ń wú nígbà òtútù, ó ń súnkì nígbà oòrùn, sìmẹ́ńtì ò gbọ́ èyí. Á sán níbi tó ti kan igi, omi á gba ibi tó sán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́, igi á máa jẹrà lábẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti rọ̀ bí búrẹ́dì. Ẹfun tí wọ́n sun ló yẹ ẹ́, òun ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde, ó sì ń tẹ̀ bí igi bá ṣe tẹ̀.

Ní 1977 wọ́n rí i pé àwọn òkúta orí òrùlé apá gúúsù ò dúró dáadáa mọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá tí wọ́n pín sí ìpele mẹ́fà. Igi tó bá ti jẹrà kọjá àtúnṣe, wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́ nìkan, wọ́n á fi óákù tuntun rọ́pò ẹ̀, wọn ò sì kùn èyí tuntun kó jọ tàtijọ́. Wọn ò tún gbìyànjú láti na ilé yẹn kó dúró ṣánṣán. Ẹlòmíì máa ń bínú sí ìyẹn, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n gbowó ẹ̀ tí wọn ò parí. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọdún ni igi kọ̀ọ̀kan ti fi kọ́ bó ṣe máa fẹ̀yìn ti èkejì ẹ̀, tẹ́ ẹ bá na ọ̀kan, ẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mẹ́wàá.

Tí mo bá lọ, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ má sáré gun òkè bí gbogbo èrò ṣe ń ṣe. Ẹ dúró ní àárín àgbàlá, kẹ́ ẹ kọjú sí gbọ̀ngàn ńlá, kẹ́ ẹ wo fèrèsé méjì tí Richard Dale ṣe ní 1559. Ẹ gbójú sókè sí ibi tí òrùlé wọn ti pàdé. Wọ́n sún mọ́ra débi pé òrùlé èkíní forí gbá tèkejì, ọ̀kan ò ráyè, èkejì ò ráyè, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wọ gbọ̀ngàn, kẹ́ ẹ wo fèrèsé òkè wọn látinú, kẹ́ ẹ máa wá ilẹ̀ yàrá tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ò ga.